Ọ̀rọ̀ Nohemí Lẹ́nu Edelmira

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí a ti mọ̀.

Bí obìnrin kan bá sáré wọ ilé yín lọ́sàn-án gangan, tí ọrùn rẹ̀ pọ́n, tí ohùn rẹ̀ há, kí ni ẹ máa kọ́kọ́ sọ fún un? Ẹ má tíì ka ìyókù. Ẹ dáhùn ná.

Mo ti bi ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìbéèrè yìí, mo sì mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ. "Mú sùúrù." "Kí lo ṣe fún un?" "Ro ti ọmọ rẹ." "Ahọ́n àti ẹnu náà ń jà." Kò sí ẹni ibi kankan nínú àwọn tó dá mi lóhùn. Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Èèyàn dáadáa ni Edelmira Zelaya náà, ohun tó sì mú kí ìtàn rẹ̀ korò nìyẹn.

Ará Olancho ní orílẹ̀-èdè Honduras ni Edelmira. Ìlú kékeré kan ní Àríwá Kàrólínà, ní Amẹ́ríkà, ló ń gbé, níbi tí òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pa adìẹ, tí wọ́n ń gé e, tí wọ́n ń dì í sínú ọ̀rá. Kó tó débẹ̀, ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tún yàrá ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì, ibẹ̀ ló sì ti gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ọgbà ilé tírélà tí wọ́n ń gbé, àwọn ilé gbọọrọ tó dà bí ẹ̀yìn ọkọ̀ tírélà, òun ni ẹnu gbogbo èèyàn. Ta ló fẹ́ rí dókítà? Ẹ pe Doña Mira, bí wọ́n ṣe ń pè é. Ta ni ilé ìwé ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí? Ẹ pe Doña Mira.

Ó dùn mọ́ ọn. Opó tí kò bímọ, tí gbogbo àdúgbò ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ṣé kò ní dùn mọ́ ọn ni?

Ilé tó kángun sí tirẹ̀ ni Nohemí àti ọkọ rẹ̀, Wilmer, ń gbé. Edelmira ló gbé Yareli, ọmọ wọn obìnrin, síbi ìsàmì. Láàárín àwọn èèyàn wọn, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹni tó bá gbé ọmọ rẹ síbi ìsàmì ti di comadre rẹ, ó di ẹbí títí ikú. Bí tọkọtaya bá jà, comadre ló ń là wọ́n. Bó bá là wọ́n tán, ilé rẹ̀ ni wọ́n á ti jẹun.

Wilmer sì ti ṣoore fún un. Nígbà tí ọkọ Edelmira kú lójijì, Wilmer ló sáré sókè sódò títí òkú náà fi dé Olancho, tí ìyá ọkọ náà fi rí i sin. Edelmira kò gbàgbé. Wilmer náà kò jẹ́ kó gbàgbé.

Wilmer nìkan ló ní ìwé ìwakọ̀ láàárín wọn. Ọkọ̀ rẹ̀ ló ń kó àwọn obìnrin lọ síbi iṣẹ́, ẹnu rẹ̀ sì dùn.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ sún mọ́ra," ló máa ń wí láràárọ̀. "Bí ọlọ́pàá bá dá wa dúró, màá ní adìẹ ni mo kó. Kẹ́nikẹ́ni má sọ̀rọ̀ o, ẹ kàn máa ké kúẹ́kúẹ́."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Nohemí nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Ojú fèrèsé ló máa ń wò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ooru ń mú, ó we ìborùn mọ́ ọrùn.

"Comadre, nínú ooru yìí?" Edelmira bi í.

"Ọ̀fun ló ń dùn mí."

Wilmer wò wọ́n nínú dígí ọkọ̀. "Ọ̀fun tó bá ń sọ̀rọ̀ jù, dídùn ló máa ń dùn."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Edelmira náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn wà lára ohun tí kì í jẹ́ kó sùn mọ́ báyìí.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, níbi tí wọ́n ti ń fọ bàtà rọ́bà wọn lẹ́yìn iṣẹ́, Nohemí fà á lápá.

"Comadre, ó ti gba fóònù mi. Ó ní bí mo bá fẹ́ pe ìyá mi, kí n fi tòun pè é, lójú òun."

"Owú ló ń jẹ. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn ẹni kì í jowú ẹni."

"Ó ti kó pásípọ́ọ̀tù èmi àti Yareli pamọ́."

"Ó dáa bó ṣe kó o. Ìwọ tó o lè sọ orí ara rẹ nù bí kò bá lẹ̀ mọ́ ẹ lọ́rùn."

Nohemí kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rù ń bà mí, comadre."

"Gbàdúrà, kó o sì dín ìfèsì kù. Wá lọ́jọ́ Sátidé kí n kọ́ ẹ bí ìyá Wilmer ṣe máa ń se ọbẹ̀ ṣàkì. Bó bá yó, á rọlẹ̀."

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí. Ẹ padà lọ ka ohun tí Nohemí sọ. Fóònù. Pásípọ́ọ̀tù. Ẹ̀rù. Ẹ wá ka ohun tí Edelmira fi dá a lóhùn. Ọbẹ̀. Ẹni tí iná ń jó lára sọ pé iná ń jó òun, wọ́n ní kó wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáná.

Ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn. Edelmira ń yí ìyẹ̀fun tó fẹ́ fi ṣe baleada, oúnjẹ tí Yareli fẹ́ràn jù. Ó gbọ́ tí nǹkan dún gbì lára ògiri ilé Nohemí. Ó gbọ́ ẹkún Yareli. Lẹ́yìn náà, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló sì bà á lẹ́rù jù.

Kí ló ṣe? Ó yí rédíò sókè. Ó ní kí ọ̀rọ̀ tọkọtaya má bàa di ọ̀rọ̀ àdúgbò.

Bàbá òyìnbó tó ń gbé lódìkejì pẹ̀lú ajá rẹ̀ kò mọ Nohemí, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ èdè rẹ̀. Òun ló pe ọlọ́pàá.

Nígbà tí Edelmira fi máa sáré jáde, tòun ti ìyẹ̀fun lọ́wọ́, ọlọ́pàá méjì ti dúró síwájú ilé. Ọkùnrin kan mú Wilmer lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ọ̀dọ́bìnrin kan dúró ti Nohemí lórí àtẹ̀gùn, ohun dúdú kékeré kan wà láyà rẹ̀ tí Edelmira rò pé rédíò ni.

"Ṣé ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, mà?" ọ̀dọ́bìnrin náà bi í.

"Mo gbọ́ ọ dáadáa."

"A lè pe ògbufọ̀ lórí fóònù. Á kàn gba àkókò díẹ̀."

"Ẹ má ṣe wàhálà. Ẹbí ni mí."

Ẹ fi àmì sábẹ́ gbólóhùn yẹn. Gbogbo ohun tó kù, ibẹ̀ ló ti wá.

Wilmer rọra gbóhùn sókè láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ní èdè ilé wọn, bí ẹni ń kí èèyàn. Ó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Comadre, ẹ mọ̀ pé bí wọ́n bá mú mi, ọwọ́ ìmígíréṣọ̀n ni mo máa bọ́ sí. Ta ló máa wa ọkọ̀ lọ́la? Ẹ rántí ẹni tó gbé òkú ọkọ yín délé o."

Edelmira rántí. Ó rántí pósí. Ó rántí ìyá ọkọ rẹ̀ lórí fóònù, tó ń sunkún tó ń dúpẹ́. Ó wo àwọn obìnrin tó ti ń yọjú lójú fèrèsé, gbogbo wọn ló ń dúró de ohun tí Doña Mira máa ṣe. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé, mo lè pa iná yìí. Èmi nìkan ni mo lè pa á.

"Ẹ bá mi bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀," ọlọ́pàá náà wí.

Nohemí kò dúró kí wọ́n bi òun. Ohùn rẹ̀ há bíi ti ẹni tó gbé egungun mì. "Ó fún mi lọ́rùn, comadre. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fún mi lọ́rùn títí ojú mi fi ṣókùnkùn. Yareli ń wò ó. Ó ní òun á pa mí, òun á gbé ọmọ lọ sí Olancho. Ẹ sọ fún wọn pé mi ò fẹ́ kó sùn nílé lónìí. Ẹ jọ̀ọ́."

Edelmira yíjú sí ọlọ́pàá. "Wọ́n jọ jiyàn ni. Ó tì í díẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ti tán, òun kò fẹ́ wàhálà."

"Ọrùn rẹ̀ yẹn ńkọ́?"

"Ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀ ló fà já."

Ọlọ́pàá náà wo Nohemí títí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú wọn lè ṣe déédéé, ó sì rọra sọ̀rọ̀, bí ẹni pé Nohemí gbọ́ ọ. "Ẹ sọ fún un pé ilé kan wà tí òun àti ọmọ rẹ̀ lè lọ lónìí yìí. Wọn kò ní bi í ní pépà. Ọkọ rẹ̀ kò ní mọ ibẹ̀. Èmi fúnra mi ni màá gbé wọn lọ."

"Kí ló wí?" Nohemí béèrè. Ó ti rí ojú obìnrin náà, ìrètí díẹ̀ sì ti wọ ojú tirẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, títí di ibí yìí, ó ṣì lè sọ ọ́. Irọ́ àkọ́kọ́, ẹ lè ní ojú ló ń tì í, tàbí ẹ̀rù ló bà á. Èyí tó tẹ̀ lé e ni mi ò rí orúkọ fún.

"Ó ní bó o bá fẹjọ́ sùn," Edelmira wí, "wọ́n á kó ẹ̀yin méjèèjì fún ìmígíréṣọ̀n, wọ́n á sì fi Yareli sílé ìjọba."

Ìrètí yẹn kú lójú Nohemí. Ó mi orí. Ọlọ́pàá náà rò pé ó kọ ilé tí òun fi lọ̀ ọ́ ni. Ó dìde, ó gbọn orúnkún rẹ̀, wọ́n sì lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Iwájú ni Wilmer ní kí Edelmira jókòó sí. "Ọ̀nà fún ìyá wa! Àdàbà tó ń mú ewé àlàáfíà bọ̀!" Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Nohemí wà lẹ́yìn, ó ń wo fèrèsé.

Nínú ilé, ohùn Wilmer ti yàtọ̀. "Ṣé o rí i báyìí?" ló ń sọ fún Nohemí. "Ọlọ́pàá wá, ọlọ́pàá lọ. Ta ló kù tó o fẹ́ pè?" Kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni mọ́. Nígbà kan rí, ibi tí aṣọ bò ló máa ń nà. Lẹ́yìn ọjọ́ Àìkú yẹn, kò wo ibi tọ́wọ́ rẹ̀ bà mọ́.

Edelmira ń rí i. Ó ń gbé ọbẹ̀ lọ fún wọn. Ó pè wọ́n wá jẹun nílé rẹ̀, ó ní kí wọ́n dì mọ́ra lójú òun. Wọ́n dì mọ́ra. Nohemí kò sọ ohunkóhun fún un mọ́, Edelmira sì ń pe ìyẹn ní àlàáfíà.

Nígbà tó yá, Wilmer fi ìdérí ìkòkò gbá Nohemí létí nítorí tòtíà, àkàrà pẹlẹbẹ wọn, tó jó. Ẹ̀jẹ̀ jáde. Etí òsì dití láti ìgbà yẹn títí dòní.

Wilmer fẹ́ kí Edelmira bá Nohemí lọ sí ilé ìwòsàn. "Ẹ bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀, comadre. Ó ṣubú ni." Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò gbà. Ó ní òfin ilé ìwòsàn àwọn ni pé ẹbí kì í ṣe ògbufọ̀. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ Wilmer àti Edelmira síta, ó gbé fóònù kan sórí tábìlì, ohùn obìnrin kan tí Nohemí kò rí rí sì jáde nínú rẹ̀ ní èdè tirẹ̀: "Ẹ ǹlẹ́, mà. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá sọ ni màá sọ. Mi ò ní fi kún un, mi ò ní yọ níbẹ̀."

Nohemí bú sẹ́kún. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n gbà gbé e lọ sí ilé ààbò kan tí Wilmer kò mọ̀. Wọ́n ti kọ́kọ́ lọ mú Yareli nílé ìwé.

Ṣé ìtàn ti parí? Rárá. Nohemí ní láti lọ sí kóòtù, kí adájọ́ tó lè pàṣẹ pé Wilmer kò gbọdọ̀ sún mọ́ òun àti ọmọ òun. Bí adájọ́ kò bá gbà á gbọ́, Wilmer lè gba Yareli lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn, ọmọ náà gan-an.

Wilmer wá sílé Edelmira pẹ̀lú adìẹ díndín. "Ẹ kàn lọ tún ohun tẹ́ ẹ sọ fún ọlọ́pàá sọ, comadre. Ẹnu yín ló lè kó ilé mi jọ."

Edelmira wọ aṣọ dúdú tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbà pé wọ́n á parí ìjà lọ́jọ́ yẹn. Ó tiẹ̀ ti rẹ ẹ̀wà sílẹ̀.

Lọ́yà Wilmer kọ́kọ́ dìde. "Olúwa mi, ọlọ́pàá ti lọ sílé wọn rí. Obìnrin yìí fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé àwọn jiyàn lásán ni, ẹ̀gbà ọrùn òun ló já. Wọ́n fi ilé ààbò lọ̀ ọ́, ó kọ̀ ọ́. Kí ló dé tó wá ń pariwo báyìí?"

Ògbufọ̀ kóòtù, ọkùnrin kan tó wọ awò ojú, túmọ̀ rẹ̀ sí etí ọ̀tún Nohemí. Nohemí yí orí padà bìrí. "Ilé wo?"

Lọ́yà tirẹ̀, Rosaura Ibarra, fọwọ́ kàn án léjìká. Ó dìde. "Kámẹ́rà wà láyà ọlọ́pàá náà, Olúwa mi. A bẹ̀bẹ̀ kí kóòtù jẹ́ ká gbọ́ ọ."

Edelmira rántí ohun dúdú kékeré tó pè ní rédíò.

Wọ́n tan án. Ohùn Nohemí tó há kún inú yàrá náà, ògbufọ̀ sì ń tú u sí Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. Ó fún mi lọ́rùn. Ojú mi ṣókùnkùn. Ẹ jọ̀ọ́. Adájọ́ gbójú sókè.

Ohùn Edelmira ló tẹ̀ lé e, ní Gẹ̀ẹ́sì. Ògbufọ̀ tú u sí èdè Nohemí. Wọ́n jọ jiyàn ni. Ó tì í díẹ̀. Ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀ ló fà já. Nohemí tẹ etí ọ̀tún síwájú, bí ẹni tó fẹ́ rí i dájú pé òun gbọ́ dáadáa.

Lẹ́yìn náà, ohùn ọlọ́pàá: Ilé kan wà tí òun àti ọmọ rẹ̀ lè lọ lónìí yìí. Wọn kò ní bi í ní pépà.

"Ilé kan wà?" Nohemí wí. Kì í ṣe adájọ́ ló ń bá sọ̀rọ̀. "Ilé kan wà láti ọjọ́ yẹn?"

Adájọ́ ní kó farabalẹ̀. Nohemí kò tilẹ̀ pariwo. Ó yíjú wo ẹ̀yìn, ibi tí Edelmira jókòó sí nínú aṣọ dúdú rẹ̀, ó sì fi ìka tẹ etí òsì. "Etí mi ṣì ń gbọ́ràn lọ́jọ́ yẹn, comadre."

Ẹyin lohùn. Ó ti balẹ̀, ó ti fọ́, ta ló fẹ́ kó o?

Adájọ́ pàṣẹ náà. Yareli wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Nígbà tí Wilmer ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Edelmira, ó tutọ́ sílẹ̀. "Àgbàyà. Ẹnu yín ló ba tèmi jẹ́." Ẹni tó tìtorí rẹ̀ purọ́ nìyẹn.

Edelmira sáré bá Nohemí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Nohemí, ọmọ mi, forí jì mí. Mo rò pé ilé rẹ ni mò ń tún ṣe. Mo rò pé..."

Nohemí dúró. Ó rọra yí orí padà títí etí òsì rẹ̀ fi kọjú sí Edelmira. "Ẹ sọ ọ́ sí èyí," ó wí. "Èyí tó ń gbọ́ ti gbọ́ yín tó. Ẹ má sì pè mí ní comadre mọ́."

Edelmira sọ fún mi pé òun sọ ọ́ sí i, gbogbo ẹ̀bẹ̀ náà, síbi tí kò ti sẹ́ni tó ń gbọ́. Nohemí dúró títí ó fi sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ló lọ.

Èyí tó korò jù rèé. Ìmígíréṣọ̀n tí Edelmira bẹ̀rù kò mú Wilmer. Ó wà ní ìlú kejì, ó ń wa ọkọ̀ àwọn obìnrin mìíràn, ó ṣì ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Nínú ọgbà ilé tírélà, ẹni tó bá fẹ́ rí dókítà ti ń sọ pé kí wọ́n pe ògbufọ̀ orí fóònù. Kò sẹ́ni tó ń kan ilẹ̀kùn Doña Mira. Bó bá di ọjọ́ Àìkú, á ṣe baleada, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn lára, á sì jẹ ẹ́ ní òun nìkan.

"Kí ni ǹ bá ṣe?" ó bi mí. Mo ní òun ni kó sọ fún mi. "Ǹ bá jẹ́ kí wọ́n pe ògbufọ̀ àjèjì yẹn lórí fóònù," ó wí, "kí n wá lọ gbé Yareli mọ́ra."

Mi ò ní ohun tó dáa ju ìyẹn lọ láti kọ́ yín. Obìnrin tí wọ́n ń nà ní ilẹ̀ àjèjì, tí kò ní fóònù, tí kò ní ìwé, tí kò gbọ́ èdè ìlú, kì í ṣe onílàjà ló nílò. Ó nílò ẹnu tí kò ní jẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, àti ilẹ̀kùn tí ọkọ rẹ̀ kò mọ̀.

Nítorí náà, kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, ẹ gbìyànjú nǹkan kan fún mi. Ẹ wá ẹnì kan tẹ́ ẹ fọkàn tán, kó sọ gbólóhùn yìí fún yín: "Ó fún mi lọ́rùn, ẹ̀rù ń bà mí, mi ò fẹ́ sùn nílé lónìí." Ẹ tún un sọ fún un bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé, "Kí lo fẹ́ kí n ṣe?" kí ẹ sì dákẹ́ títí á fi dáhùn.

Ó máa ṣòro ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ẹ máa rí i tí ahọ́n yín á fẹ́ fi "díẹ̀" kún un. Bẹ́ ẹ bá ti débẹ̀, ẹ dúró. Ibẹ̀ ni Edelmira ti ṣìnà. Ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ tún un sọ.